Ẹ-Rẹ́rìn-ín àti Bẹ́ǹṣì Ọjọ́rú

Kò sí ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà Ẹ-Rẹ́rìn-ín rí tí kò fi eyín hàn, ìbáà fẹ́ ìbáà kọ̀. Àwọn oníbàárà ló sọ onífọ́tò yìí lórúkọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti jókòó tán nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó wá le ojú koko bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́, ọkùnrin náà á yọ orí lẹ́yìn kámẹ́rà, á fi ohùn ewúrẹ́ sọ pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Àwọn àgbà tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó tiwọn gan-an ti rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí tọkọtaya kan bá jà dé ẹnu ọ̀nà, á ní kí wọ́n wo ara wọn lójú kí wọ́n má ṣe rẹ́rìn-ín o, ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló máa fọ abọ́ lọ́jọ́ náà. Fọ́tò wọn kún ara ògiri, ó kún inú gíláàsì ìta, eyín ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura pé nǹkan ti yí padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa tẹ fọ́tò jáde ní yàrá inú, kó gé etí rẹ̀ kó gún, kó sì kó o sápò. Ó wá rí i pé ojú tí òun ń gé kò lẹ́rìn-ín mọ́. Pásípọ́ọ̀tù lónìí, pásípọ́ọ̀tù lọ́la. Ẹ sì mọ bí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ṣe rí: òun nìkan ni fọ́tò tí wọn kì í rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ láyé yìí, ẹni tó bá fi eyín hàn, wọ́n á dá a padà ní ọ́fíìsì. Nígbà tí ìyá kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá pé òun fẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìbí, Ẹ-Rẹ́rìn-ín ní iná òun ti bàjẹ́, ó sì júwe onífọ́tò ìsàlẹ̀ òpópónà fún un. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ láti inú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde, ó lọ tan iná náà wò, iná náà sì mọ́lẹ̀ rokoṣo.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣẹ ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó kú, ara sì le. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni, irú àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ. Tó bá jí, á kọjú sí ògiri, á máa rò ó bóyá òun lè wẹ̀ àbí òun ò lè wẹ̀. Oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣe ẹ̀fẹ̀, á sì máa wò wọ́n bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń rí ẹnu wọn, ẹ̀fẹ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni ti ohùn ewúrẹ́ yẹn. Ohun tó ń ṣe láìronú tẹ́lẹ̀ ti wá wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún oníbàárà pé òun ò lè gbé e. Ìdí nìyẹn tó fi sá sábẹ́ pásípọ́ọ̀tù. Ó kéré tán, ó lè sọ pé, "Ẹ má rẹ́rìn-ín o," kó sì wà nínú òfin.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ tẹ́ gbogbo pásípọ́ọ̀tù ọ̀sẹ̀ náà sórí tábìlì. Ojú ló kún ibẹ̀ lọ ràì, tí gbogbo wọn ń wo òkè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

"Bàbá wọn, ẹ wá wò ó," ó ní. "Ṣé gbogbo àdúgbò yìí ló fẹ́ rìnrìn àjò ni?"

Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe, torí ó mọ irú ẹni tó fẹ́. Ọkọ rẹ̀ la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀ kò jáde, omijé ló jáde dípò rẹ̀. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó fa àga súnmọ́ ọn, ó sì jókòó.

"Mi ò lè mú wọn rẹ́rìn-ín mọ́," ọkùnrin náà sọ. "Mi ò mọ ibi tó lọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Nígbà tí òun gbé àbíkẹ́yìn wọn lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìlera àdúgbò, òun rí yàrá kan lẹ́yìn, nọ́ọ̀sì kan sì ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́rú, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ìtọ́jú ọkàn àti ọpọlọ. Ẹ-Rẹ́rìn-ín nu ojú nù kíá. Ó bi í bóyá wèrè lòun ni, tó fi máa mú òun lọ síbi àwọn wèrè. Ìyàwó rẹ̀ fèsì wọ́ọ́rọ́ pé nígbà tí eyín ń dùn ún lọ́jọ́sí, kò béèrè bóyá ibi àwọn aláìléyín lòun ń mú un lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Ó ní òun máa lọ.

Ó rọrùn lẹ́nu ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá yẹn ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, á kọ́kọ́ kọjá níwájú fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní ìdojúkọ géètì, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkankan. Lẹ́yìn náà, á gba àárín àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń dúró de abẹ́rẹ́, gbogbo wọn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ju kí wọ́n máa wo ẹni tó ń kọjá. Lójú gbogbo ayé yìí ni pátákó kan wà, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ÌLERA ỌPỌLỌ sí i, wọ́n sì ya ọfà sí i kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Ẹni tó ya ọfà yẹn gbèrò rere, kí Ọlọ́run bù kún un, ṣùgbọ́n kò rò ó pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí aráyé rí òun níbi tóun ti ń tẹ̀ lé e. Bẹ́ǹṣì tuntun tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà ṣì tuntun. Nọ́ọ̀sì náà, ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Gíga láìwá orúkọ míì lọ, ti rí i pé àyè gba òun. Ó kó àwọn agolo ọ̀dà jọ, ó gbin òdòdó sínú wọn, ó sì tò wọ́n yí bẹ́ǹṣì náà ká. Òdòdó pupa, òdòdó yẹ́lò. Ó ń bomi rin wọ́n ní gbogbo ọjọ́rú, ó sì ń dúró de ẹni tó máa wá.

Kí ni Ẹ-Rẹ́rìn-ín wá ṣe? Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

"Iṣẹ́ ló gbé yín débí?" fọkanáísà bi í ní géètì.

"Iṣẹ́ ni," ó dáhùn. "Òdòdó ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ yà."

Bó ṣe ti ẹnu bọ irọ́ nìyẹn, ó sì rọrùn fún un débi pé ó rin gbogbo ọ̀nà náà láìsáré. Nínú yàrá, àga méjì ló wà àti fáànù kan tó ń ké wí-wí. Nọ́ọ̀sì Gíga jókòó, kò kánjú. Ẹ-Rẹ́rìn-ín fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwàdà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sọ nǹkankan nípa fáànù náà, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe gbẹ.

"Níbí yìí, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín," nọ́ọ̀sì sọ fún un.

Nígbà tí Ẹ-Rẹ́rìn-ín wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ délẹ̀, ó béèrè bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn rí láti pa ara rẹ̀ lára. Ẹnu ya Ẹ-Rẹ́rìn-ín pé èèyàn lè béèrè irú ìyẹn ní pẹ̀lẹ́tù bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, nọ́ọ̀sì sì ní bó bá wá sí i lọ́kàn nígbàkígbà, ọjọ́ yòówù kó jẹ́, kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n sì wá. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wèrè. Àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó ń mú àwọn tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín bó ṣe ń mú àwọn tó ń sunkún. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀, bí ìyẹn kò bá tó, dókítà á fi oògùn kún un. Kó ṣáà máa wá lọ́jọ́rú. Nígbà tí Ẹ-Rẹ́rìn-ín jáde, ẹrù náà ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹnìkan ti bá a sún un sí èjìká kejì, afẹ́fẹ́ sì ráyè fẹ́ síbi tó ti ń ro ó.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ló bá ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Màmá ti wọ èyí tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó ti lẹ́ páúdà, ó sì gbé báàgì lé itan. Inú ń bí i. Ó ní ṣé ọ̀dọ̀ fọkanáísà ló yẹ kí òun ti gbọ́ pé ọkọ ọmọ òun ń ya èèyàn ní fọ́tò láàárín òdòdó? Kí ni onífọ́tò fẹ́ sọ? Ó ya Màmá lápá ọ̀tún, ó yà á lápá òsì, ó sì dúró kí Màmá lọ kó tó yọ́ wọlé sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Màmá kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ nǹkan pamọ́. Kó tó di ọjọ́rú mìíràn, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Wọ́n wá bí ẹni tó ń lọ sí ayẹyẹ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ gba abẹ́rẹ́ tán, wọ́n nu ojú àwọn ọmọ, wọ́n wá tò. Fọkanáísà fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó yá táì kan tó pupa fòò, ó sì wá jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì. Àwọn tí kò jẹ́ tẹ̀ lé ọfà yẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn ló ń tẹ̀ lé e tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n tún ń júwe rẹ̀ fún ara wọn. Ó ṣe tán, fọ́tò ni wọ́n wá yà, kò sóun tó ń ṣe wọ́n.

Ẹ rí wàhálà tí Ẹ-Rẹ́rìn-ín kó ara rẹ̀ sí. Bó bá ya ẹni yìí tán, ẹni yẹn á jókòó. Ọjọ́rú kan lọ, kò ráyè wọlé sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Èkejì lọ, bákan náà. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn fi máa dìde, nọ́ọ̀sì ti ń ti fèrèsé. Ẹrù náà padà sí èjìká àtijọ́, ó tún wúwo ju ti tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí ògiri láàárọ̀, ó sì ń rò ó pé ó sàn kí òun má lọ mọ́ rárá.

Nọ́ọ̀sì Gíga ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ pa ọjọ́ jẹ," ó ní, "bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi lẹ wà lẹ́ẹ̀mejèèjì."

Ẹ-Rẹ́rìn-ín wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bẹ́ǹṣì òun ti kún, òun sì ń dá jókòó síbẹ̀síbẹ̀. Ó wá sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un láìfi bò. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti olú iṣẹ́ ìlera lọ́jọ́rú tó ń bọ̀, obìnrin ni, ó fẹ́ wò ó bóyá àwọn èèyàn ń lo yàrá náà. Bí wọn ò bá lò ó, wọ́n máa tì í, wọ́n á sì gbé òun lọ sí ibòmíràn. Ẹ-Rẹ́rìn-ín bi í bóyá ó máa sọ fún ọ̀gá náà pé ẹnìkan wà tó ń wá. Nọ́ọ̀sì ní bí òun bá sọ ọ́, obìnrin náà á fẹ́ mọ ibi tí ẹni náà wà.

"Mi ò sì ní nàka sí yín," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yín ni, ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ẹ-Rẹ́rìn-ín délé, ó rò ó fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sọ̀rọ̀, òun máa pàdánù orúkọ òun. Ta ló máa gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ onífọ́tò tó ń lọ sí yàrá ẹ̀yìn? Bí òun ò bá sì sọ ọ́, wọ́n á ti ibì kan ṣoṣo tí òun ti mí kanlẹ̀ láti ìgbà yìí pa. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún un pé ṣe èyí tàbí ṣe tọ̀hún. Ó ní òun máa wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, ibi tó bá sì já sí, àwọn á jọ rìn ín délé.

Ọjọ́rú pé. Bẹ́ǹṣì kún fọ́fọ́, àwọn kan dúró. Màmá wà láàárín, ó tún ti pààrọ̀ aṣọ. Fọkanáísà wà ní ìkángun pẹ̀lú táì pupa rẹ̀. Ìyàwó onífọ́tò jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá náà wọlé pẹ̀lú bàtà tó ń dún kò-kò-kò, ó rí èrò, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó dúró gbọnyin.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní. "Ṣé nọ́ọ̀sì ni gbogbo yín wá rí?"

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe sún sẹ́yìn. Ìyá kan tiẹ̀ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ló gbẹnu sọ fún gbogbo wọn.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ó ní. "Fọ́tò la wá yà. Kò sóun tó ń ṣe wá."

Ayọ̀ ọ̀gá náà rọlẹ̀. Ó wo yàrá, ó wo àga méjì tó ṣófo nínú rẹ̀, ó wá wo Nọ́ọ̀sì Gíga. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ ewé gbígbẹ kúrò lára òdòdó, kò gbójú sókè. Ó lè ní ẹnìkan wà. Kò sọ ọ́. Ẹ-Rẹ́rìn-ín bọ́ okùn kámẹ́rà lọ́rùn, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì wá fúyẹ́ lọ́nà tó mú un bẹ̀rù.

"Èmi ni mo wá rí nọ́ọ̀sì," ó ní. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Irọ́ ni mo fi kámẹ́rà yẹn pa. Ọkàn mi ló ń ṣàárẹ̀, mi ò lè rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè mú èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, ó sì fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í."

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó wá dúró tì í. Ẹ-Rẹ́rìn-ín ń retí kí àwọn yòókù dìde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọkanáísà ló kọ́kọ́ mira, ó fọwọ́ kan táì rẹ̀, ó wúkọ́.

"Ẹni tí kì í rí oorun sùn ńkọ́?" ó bi nọ́ọ̀sì. "Ṣé òun náà lè wọlé?"

"Ibí gan-an lẹni náà ń wọ̀," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn.

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní táyà ọkọ̀ ńlá kan bẹ́ mọ́ òun lójú lọ́dún tó kọjá. Kò ṣe òun léṣe, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ilẹ̀kùn bá gbá, àyà òun á já, ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun kì í ṣe iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ẹ-Rẹ́rìn-ín wá rántí pé òun ti ya ọkùnrin yìí ní ọjọ́rú méjì pẹ̀lú táì kan náà, ó sì tún ti wá fún ẹ̀kẹta. Ta ló ń fẹ́ fọ́tò mẹ́ta táì àyálò? Ọkùnrin náà ti ń wá ọ̀nà àtidé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn bí òun náà ṣe wá a. Kí fọkanáísà tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá ọlọ́mọ kan béèrè ní ohùn kẹ́lẹ́ bóyá ó burú bí èèyàn bá bímọ tán tó sì ń sunkún lójoojúmọ́ láìmọ ìdí. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, kó má ṣe lọ, òun fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá wò sọ́tùn-ún, ó wò sósì, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Ní tèmi, kò sóun tó ń ṣe mí," ó ní. "Mo kàn máa ń bá àga bàbá yín sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti kú ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń tò, mo ti wà lórí ìlà kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá mi."

Ó sọ ọ́ bí ẹní ń jà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló dì mú ṣinṣin. Ẹ-Rẹ́rìn-ín ò mọ̀ pé ó ń bá àga sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo fọ́tò tó ti ya ìyá yìí, kò rí i níbẹ̀ rí, ó sì dùn ún.

Nígbà tí kò sí àga mọ́, ọ̀gá náà jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì láti dúró kí nọ́ọ̀sì ráyè. Màmá yíjú sí i, ó bi í tìyọ́nú-tìyọ́nú pé kí ló ń ṣe òun náà.

"Rárá o, Màmá," obìnrin náà ní. "Iṣẹ́ ló gbé mi wá."

"Ohun tí ọkọ ọmọ mi náà sọ nìyẹn," Màmá dáhùn.

Wọn ò ti yàrá náà. Ọ̀gá náà sọ ọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó sì ní òun máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ọjọ́ kan kún ọjọ́rú. Ó bi wọ́n bóyá kí àwọn yọ pátákó ọlọ́fà yẹn kúrò. Wọ́n rò ó wò, fọkanáísà sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè má mọ̀nà.

Kí wọ́n tó túká, Màmá rán wọn létí pé òun wọ aṣọ wá. Ẹ-Rẹ́rìn-ín gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn jókòó pọ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì lẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀gá náà pàápàá. Ó yọ orí lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó wá ohùn ewúrẹ́ yẹn nínú ara rẹ̀, kò tíì sí níbẹ̀. Kò purọ́ fún wọn.

"Ẹ jókòó bí ẹ ṣe wà," ó ní. "Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín."

Wọ́n jókòó gbagidi, wọ́n wo iwájú, ẹnu wọn pa dé.

"Ṣé pásípọ́ọ̀tù ni?" Màmá béèrè láìyí orí padà.

Ìyàwó Ẹ-Rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, fọkanáísà tẹ̀ lé e, àfi bí ìgbà tí bẹ́ǹṣì fẹ́ dà nù. Nínú fọ́tò tí onífọ́tò yà lọ́jọ́ náà, kò sí ojú ẹnìkan tó mọ́ dáadáa, gbogbo rẹ̀ mì. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, ó wò ó, ó fẹ́ sọ ọ́ nù, ọkọ rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ṣì láwọn àárọ̀ tó máa ń kọjú sí ògiri, ó ṣì ń lọ sí yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́rú, kò sì gbé kámẹ́rà lọ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fọ́tò tó mì yẹn ló sì wà láàárín gíláàsì ìta. Bí oníbàárà bá béèrè ìdí tí onífọ́tò tó dáńtọ́ fi gbé irú rẹ̀ síta, á sọ fún un pé òun náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ń yà á ni. Lẹ́yìn náà, á júwe ọ̀nà ilé ìlera fún un.